Láàrin Àfojúbà àti Àgbọ́sọ: Ìmọ̀, Ìgbàgbọ́ àti Ohun Àìrí ní Àwùjọ Yorùbá

Ìfáàrà

Òwe méjì kan wà tí Yorùbá máa ń pa, tí ó dà bí ẹni pé wọn kò pàdé ara wọn rí. Èkíní ni, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ?" Èkejì kò gùn rárá: "Ìròyìn kò tó àfojúbà." Nínú òwe kìn-ín-ní, ohun tí etí gbọ́ ní òru àti ohun tí ojú rí ní òwúrọ̀ ni a so pọ̀, tí a sì pe okùn tí a fi so wọ́n ní ìmọ̀. Kò sí ẹni tí ó rí àjẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó bá a níbi tí ó ti ń pa ọmọ. Síbẹ̀, ìbéèrè tí òwe náà fi parí kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ jiyàn. Òwe kejì ní tirẹ̀ ń sọ pé bí ó ti wù kí ìròyìn kún tó, bí ó ti wù kí ẹni tí ó mú un wá lọ́lá tó, kò lè dípò ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí.

Àárín òwe méjèèjì yìí ni iṣẹ́ yìí dúró sí. Kókó tí ó fẹ́ fi hàn ni pé nínú èrò Yorùbá, ìmúratán láti fetí sí ọ̀rọ̀ ohun àìrí àti ìlọ́ra láti gbà á kíákíá jọ ń gbé pọ̀ ni, àti pé èdè náà fúnra rẹ̀ ni ó fi ààlà sí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbọdọ̀ dé. Ìjàǹbá máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá ré ààlà náà kọjá, tí ó sọ àgbọ́sọ di ìmọ̀, tí ó sì fi ìmọ̀ àgbélẹ̀rọ yìí dá ẹjọ́ ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin àwọn onímọ̀. Ní ọdún 1967, Robin Horton kọ àpilẹ̀kọ olókìkí kan nínú jọ́nà tí ń jẹ́ Africa, níbi tí ó ti fi èrò ìbílẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà wé sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Yúróòpù. Ó gbà pé ohun tí ojú kò rí ni àwọn méjèèjì fi ń ṣàlàyé ohun tí ojú rí: bí onísáyẹ́ǹsì ti ń sọ̀rọ̀ átọ̀mù ni aláwo ń sọ̀rọ̀ òrìṣà. Ìyàtọ̀ tí ó rí ni pé èrò ìbílẹ̀ dà bí ilé tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ kò mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà tí a lè gbà wo ayé, nítorí náà kò lè ṣe iyèméjì. Àwọn onímọ̀ bíi Kwasi Wiredu àti Barry Hallen ta kò ó, Horton fúnra rẹ̀ sì tún apá kan èrò náà ṣe ní ọdún 1982. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa ì bá ti bi í ní ìbéèrè kan ṣáájú gbogbo wọn: bí àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò bá lè ṣe iyèméjì, níbo ni wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ náà?

Mọ̀ àti Gbàgbọ́

Ìwé tí ó tú ọ̀rọ̀ yìí wò jù lọ ni èyí tí Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 1986, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Knowledge, Belief and Witchcraft. Olùkọ́ fìlọ́sọ́fì ni àwọn méjèèjì ní Yunifásítì Ifẹ̀. Dípò kí wọ́n jókòó ti ìwé nìkan, wọ́n tọ àwọn oníṣègùn lọ, wọ́n sì bá wọn fọ̀rọ̀ wérọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹgbẹ́ nínú ìrònú. Wọ́n ń bi wọ́n léèrè ohun tí ó lè mú kí ènìyàn sọ pé òun mọ nǹkan, àti ìgbà tí ó yẹ kí ó sọ pé òun kàn gbà á gbọ́ ni. Ohun tí wọ́n rí ni pé 'mọ̀' kò bá ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń túmọ̀ rẹ̀ dọ́gba. Lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn náà, ẹni tí ó mọ nǹkan ni ẹni tí nǹkan náà ṣojú rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Ohunkóhun tí ó bá ti ẹnu ẹlòmíràn wá, ìbáà ṣe òbí, ìbáà ṣe olùkọ́, ìgbàgbọ́ ni títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí yí nǹkan padà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kà nínú ìwé pé ayé ń yí oòrùn po máa ń fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi òṣùwọ̀n àwọn oníṣègùn wọ̀n ọ́n, ìgbàgbọ́ ni ohun tí ó ní lọ́wọ́, nítorí ẹnu olùkọ́ ni ó ti gbọ́ ọ. Àwọn tí àwọn òǹkọ̀wé kan ti ń ṣe àpèjúwe gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń gba ohun gbogbo gbọ́ ni òṣùwọ̀n ìmọ̀ wọn wá le jù.

Ìhun ọ̀rọ̀ náà ti èyí lẹ́yìn. 'Gbàgbọ́' jẹ́ àkànpọ̀ 'gbà' àti 'gbọ́': ènìyàn gbọ́, ó sì gbà. Etí ni ó ṣáájú, ojú kò sí níbẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, Yorùbá kì í fẹ́ kí a ṣi òun mú lórí ọ̀rọ̀ tí kò ṣojú òun. Ẹni tí ń ròyìn ìjà àná lọ́jà yóò fi "wọ́n ní" bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ náà bá sì lágbára, yóò fi kún un pé, "Wọ́n ní ni o, n kò sí níbẹ̀." Bí ó bá jẹ́ pé ó wà níbẹ̀ ni, yóò ní ó ṣojú òun kòró. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin "wọ́n ní" àti "ó ṣojú mi kòró" kì í ṣe ti ẹwà èdè. Bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú baálẹ̀ tàbí mọ́gàjí, òun ni yóò sọ ẹni tí yóò jókòó gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí àti ẹni tí a ó ní kí ó padà sílé.

Àmọ́ o, kò yẹ kí a na ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn wọ̀nyí kọjá bí ó ti mọ. Ìlò 'mọ̀' lẹ́nu àwọn ènìyàn gbòòrò ju ohun tí Hallen àti Ṣódípọ̀ kọ sílẹ̀ lọ. A máa ń sọ pé ẹnì kan mọ ìlù ú lù, pé ó mọ ìwé, pé ó mọ ènìyàn; kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ ti àfojúrí nìkan. Òwe àjẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ pàápàá lo 'mọ̀' níbi tí kò sí ẹni tí ó rí nǹkan kan. Ohun tí ó bọ́gbọ́n mu láti sọ ni pé òṣùwọ̀n líle náà wà nínú èdè, gbogbo ẹni tí ó ń sọ èdè ni ó sì lè pè é jáde nígbà tí ó bá fẹ́ dá ọ̀rọ̀ dúró, ṣùgbọ́n wọn kì í pè é jáde ní gbogbo ìgbà. Àwọn àgbà ní gbólóhùn kan fún ibi tí ẹ̀rí bá tán sí: "Ọlọ́run ló mọ̀." Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì gbà, kò sì tíì kọ̀. Ó kàn ń sọ pé nínú gbogbo wa tí a jókòó síbí, kò sí ẹni tí ó lè fi 'mọ̀' ṣẹnu.

Ọ̀rọ̀ fún iyèméjì náà yẹ fún àkíyèsí. Iyè ni ibi tí ènìyàn fi ń rántí, tí ó sì fi ń ronú. Ẹni tí iyè rẹ̀ pín sí méjì ni ó ń ṣiyèméjì. Kò sí ẹ̀bi nínú ìhun ọ̀rọ̀ yìí. Ipò tí ọkàn wà ni ó ń ṣàpèjúwe, bí ìgbà tí ènìyàn dúró sí oríta.

Nígbà tí ìgbàgbọ́ di orúkọ ẹ̀sìn

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ parí ní ọdún 1884, 'ìgbàgbọ́' ni a fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì. Láti ìgbà náà ni a ti ń pe ẹlẹ́sìn yìí ní onígbàgbọ́. Ìyípadà tí èyí mú wá kò kéré. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ń dúró fún ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, tí ó ṣì ń retí àyẹ̀wò, wá di orúkọ ìwà rere tí ó ga jù. Orí kọkànlá ìwé Hébérù gbé e débi pé òun gan-an di ẹ̀rí fún ohun tí a kò rí, ìtàn Tọ́másì nínú ìwé Jòhánù sì bu ọlá fún àwọn tí kò rí, tí wọ́n sì gbàgbọ́. Nínú orí kìn-ín-ní ìwé Jákọ́bù, oníyèméjì ti di ẹni tí a ń bá wí.

Ìwé kan náà ní apá kejì tí a kì í sábà rántí. Ìwé Jòhánù Kìn-ín-ní, orí kẹrin, pàṣẹ pé kí a dán àwọn ẹ̀mí wò. Àwọn ìjọ Aládùúrà, tí ìran àti àlá jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn, mọ ìwúlò àṣẹ yìí. J. D. Y. Peel, nínú ìwé tí ó kọ nípa wọn ní ọdún 1968, fi hàn pé ìbéèrè ibi tí ìran ti wá kò jìnnà sí wọn: ìran lè ti ọ̀dọ̀ Ẹ̀mí Mímọ́ wá, ó sì lè máà ti ibẹ̀ wá. Bí a bá wo apá kejì pátápátá, a ó rí Táí Ṣólàríìn, ẹni tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1956, tí ó sì sọ ọ́ ní gbangba títí ó fi kú ní ọdún 1994 pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́. Àwọn ará ìlú bá a jiyàn, wọ́n sì ń rán ọmọ wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ohun tí aríran rí

Yorùbá gbà pé ojú ju ọ̀kan lọ. Yàtọ̀ sí ojú tí a fi ń wo ọ̀nà, ojú inú wà, èyí tí a fi ń mòye. A gbà pé àwọn kan wà tí a bí pẹ̀lú ojú tí ó ń rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, a sì ń pè wọ́n ní aríran. Nítorí náà, bí ìmọ̀ bá jẹ́ ti ẹni tí ó rí, ǹjẹ́ aríran kò mọ ohun tí ó rí bí?

Ìdáhùn tí ó bá ìlànà èdè mu ni pé ó lè mọ̀ ọ́n, fún ara rẹ̀. Ìgbà tí ó bá ya ẹnu sọ ọ́ fún ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti yí ipò padà. Àgbọ́sọ ni ó jẹ́ fún olùgbọ́. Olùgbọ́ lè gbà á, ó sì lè ní kí a máa wò ó ná, ṣùgbọ́n kò lè jogún ojú aríran. Èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: ìdánilójú ẹni tí ó rí ìran ni wọ́n ń yá lò bí ẹni pé tiwọn ni.

Ètò dídá Ifá fi hàn pé àwọn àgbà ìjímìjí ti ro èyí jinlẹ̀. Ẹni tí ó wá dá Ifá kì í sọ ohun tí ó gbé e wá fún babaláwo. Owó ni yóò mú lọ́wọ́, yóò sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́, yóò sì gbé e sílẹ̀ níwájú Ifá. Lẹ́yìn èyí ni babaláwo yóò gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sánlẹ̀, tí ọ̀kan nínú odù 256 yóò sì jáde, tí yóò wá máa ki àwọn ẹsẹ tí ó wà lábẹ́ odù náà. Oníbèéèrè ni yóò dá a dúró nígbà tí ó bá gbọ́ èyí tí ó jọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ku ohun tí a fẹ́ là, wọn yóò lo ìbò: oníbèéèrè yóò mú ẹyọ owó tí a so pọ̀, tí ó dúró fún bẹ́ẹ̀ ni, àti egungun, tí ó dúró fún bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò fi ọ̀kan pamọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, èkejì sí ọwọ́ òsì, láìjẹ́ kí babaláwo mọ èyí tí ó wà níbì kan. Wándé Abímbọ́lá ṣe àlàyé ètò yìí nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1976. William Bascom, tí ó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1937 sí 1938, tí ó sì tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní ọdún 1969, náà tẹnu mọ́ ọn pé babaláwo kò nílò láti mọ ìṣòro oníbèéèrè.

Kí ni ìdí tí a fi ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹni tí a fẹ́ kí ó ràn wá lọ́wọ́? Ó hàn gbangba pé a kò fẹ́ kí ó fi ọgbọ́n orí rẹ̀ gbé ìdáhùn kalẹ̀. Ẹni tí ó ṣe ètò yìí ti mọ̀ pé ènìyàn lè tan ènìyàn, àti pé babaláwo lè tan ara rẹ̀ pàápàá. Àwọn onísáyẹ́ǹsì òde òní máa ń ṣe ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dán oògùn wò, tí wọn kì í jẹ́ kí dókítà mọ ẹni tí ó gba oògùn gidi.

Ètò náà ní ibi tí ó ti jò. Ẹsẹ tí ó wà lábẹ́ odù kan pọ̀, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ kò sì ní pẹ́ rí èyí tí yóò jọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó yàn án. Bí a ṣe dí ọ̀nà ẹ̀tàn lọ́dọ̀ babaláwo, a ṣí i sílẹ̀ lọ́dọ̀ oníbèéèrè. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́ nígbà tí ìwòsàn kò bá yọrí, pé ewé kan ni ó kù. Ọ̀rọ̀ yìí dára bí ó bá ń rán oníṣègùn padà sínú igbó láti tún iṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ pé àwáwí tí kì í tán ni, kò sí bí a ó ṣe mọ oògùn tí kò ṣiṣẹ́ rí.

Àtíńgà

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1950 sí 1951 fi hàn bí ó ti ń rí nígbà tí gbogbo ìlú bá ré ààlà kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní ọlọ́gbọ́n àti fi mú àjẹ́, tí orúkọ wọn ń jẹ́ Alátíńgà, gbéra láti Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, wọ́n gba ilẹ̀ Dàhọ̀mì kọjá, wọ́n sì wọ ìlú àwọn Ẹ̀gbádò, tí à ń pè ní Yewa lónìí. Peter Morton-Williams kọ ìròyìn wọn sílẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan ní ọdún 1956. Ìlú ni ó ń ránṣẹ́ pè wọ́n, ìlú sì ni ó ń sanwó fún wọn. Bí wọ́n bá dé, wọn yóò jó, wọn yóò gun, wọn yóò sì nawọ́ sí obìnrin, àgbàlagbà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tí ó bá jẹ́wọ́ yóò sanwó, wọn yóò sì wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹni tí ó bá sẹ́ yóò mú adìẹ wá, wọn yóò dá a lọ́rùn, ọ̀nà tí adìẹ náà bá gbà ṣubú kú ni yóò sì dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ jẹ́wọ́. Ìjẹ́wọ́ wọn ni àwọn ará ìlú dì mú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí tí ó tóbi jù, nítorí ta ni yóò parọ́ mọ́ ara rẹ̀ pé òun pa ọmọ? Ìbéèrè yìí jọ ti òwe àjẹ́, ó sì ní àlébù kan náà. Obìnrin tí gbogbo ìlú yí ká, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ lè tán, kò wà ní ipò ẹlẹ́rìí. Ohun tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde jẹ́ àgbọ́sọ bí àgbọ́sọ yòókù, ẹ̀rù ni ó sì fà á jáde. Andrew Apter, nínú iṣẹ́ tí ó gbé jáde ní ọdún 1993, so Àtíńgà mọ́ owó kòkó tí ó gbówó lórí ní àkókò náà, àti ìjà tí ó dá sílẹ̀ láàrin ọ̀dọ́ àti àgbà, ọkùnrin àti obìnrin tí ó ń ṣòwò. Kò pọn dandan kí a gba gbogbo àlàyé rẹ̀ kí a tó rí i pé ohun àìrí nìkan kọ́ ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn Alátíńgà ba ojúbọ òrìṣà jẹ́ níbi tí wọ́n dé. Agbègbè yìí kan náà ni ilé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eégún tí a fi ń bọlá fún àwọn ìyá wa àti agbára tí ó wà lọ́wọ́ wọn, èyí tí àjọ UNESCO fi sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2008. Àwọn onígẹ̀lẹ̀dẹ́ kò sẹ́ pé agbára àìrí wà. Wọ́n gbà á débi pé wọ́n gbẹ́ igi fún un, wọ́n lù ú nílù, wọ́n jó fún un láàrin ọjà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ni láti tu àwọn ìyá lójú, kì í ṣe láti tú wọn fó. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin gbígba ohun àìrí gbọ́ àti sísọ pé a mọ ẹni tí ó ń lò ó, kí ó fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wé Àtíńgà.

Ìjọba fòfin de Àtíńgà nígbẹ̀yìn. Abala 210 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí Nàìjíríà jogún láti ayé àwọn amúnisìn sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn fẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn, tàbí kí ó pe ara rẹ̀ ní àjẹ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún 2 ni ìjìyà rẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé òfin yìí ń sẹ́ pé àjẹ́ wà. Kò dé ibẹ̀ rárá. Ohun tí ẹnu sọ nípa ẹlòmíràn ni ó gbá mú.

Àbíkú

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹran ara ju ti àbíkú lọ. Ìyá bímọ, ọmọ kú. Ó tún bí, ó tún kú. A ní ọmọ kan náà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Orúkọ tí a fi ń bẹ̀ wọ́n ṣì wà láàrin wa: Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́, Bánjókòó, àti Kòsọ́kọ́, tí ó ń sọ fún ọmọ pé ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ sàréè rẹ̀ ti tán. A máa ń so ṣaworo mọ́ àwọn tí ó wà láàyè lẹ́sẹ̀, a sì ń sín gbẹ́rẹ́ fún wọn. Òkú ni a ń fi àmì sí lára, tí a ń gé ní ìka tàbí tí a ń fi iná jó, kí a lè dá a mọ̀ bí ó bá padà wá. Bí ọmọ tí ó tẹ̀ lé e bá ní àpá kankan, ẹ̀rí ti dé nìyẹn. Ẹ̀sùn àjẹ́ kì í sì jìnnà sí irú ilé bẹ́ẹ̀: ìyá ọkọ, orogún, tàbí arúgbó tí ó ń gbé ẹ̀yìnkùlé.

Ní ọdún 1910, ní ìlú Chicago, dókítà James Herrick kọ ìròyìn nípa ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wá láti erékùṣù Grenada. Nígbà tí a fi ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi wo ẹ̀jẹ̀ náà, a rí i pé hóró pupa inú rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé. Ní ọdún 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ohun tí ó wà nínú hóró náà gan-an ni ó yàtọ̀. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ jẹ́ SS. Nínú ìjábọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2006, nǹkan bí ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ó ru S kan, a sì ń bí nǹkan bí 150,000 ọmọ tí ó ní àrùn yìí lọ́dọọdún. Kí ìtọ́jú tó dé, ọ̀pọ̀ wọn ni kì í dàgbà.

Ó rọrùn láti wá sọ pé àbíkú kò ju àrùn yìí lọ. Ìkánjú ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti èéyi ń pa ọmọ láyé àtijọ́, wọn kò sì bèèrè irú ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó pa á. Orúkọ kan ṣoṣo ni àwọn baba wa fi bo ọ̀pọ̀ ikú. Ohun tí a lè sọ ni pé wọ́n rí ohun kan ní tòótọ́. Wọ́n rí i pé ikú ọmọ ń tẹ̀ lé ìdílé kan, tí ó ń fi èyí tí ó wà ní àdúgbò sílẹ̀. Wọ́n rí i pé ara àwọn ọmọ kan ń dá lónìí, tí ó sì ń yí padà lọ́la. Ìyẹn ni a fi ń pe àrùn náà ní fòníkú-fọ̀ladìde lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àfojúbà ni gbogbo ìwọ̀nyí. Àlàyé tí ó tẹ̀ lé wọn, pé ọmọ náà ní ẹgbẹ́ ní ọ̀run tí ó ń pè é, ìgbàgbọ́ ni. Ọ̀bẹ tí a gbé sí ìka òkú, àti ìka tí a nà sí ìyá ọkọ, orí ìgbàgbọ́ yẹn ni wọ́n dúró lé.

Ẹ̀gbẹ́ kejì náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ gbogbo ohun tí àwọn àgbà fi sílẹ̀ nítorí pé wọ́n sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ọ̀run ì bá ti pàdánù orin àtà. Pákò tí a fi ń rin ẹnu ni. Ní ọdún 1971, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti W. A. Isaacs tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde pé omi tí a fà yọ láti inú gbòǹgbò igi yìí, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Fagara zanthoxyloides, mú kí hóró ẹ̀jẹ̀ tí ó ti tẹ̀ bí dòjé padà sí bí ó ti yẹ kí ó rí nínú ìgò àyẹ̀wò. Inú ìgò kò tíì di inú ara ènìyàn, àwọn olùwádìí sì ti ń tọpa rẹ̀ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè dé ibẹ̀ rárá, ó gba pé kí ẹnì kan kọ́kọ́ fi pákò lásán-làsàn sábẹ́ ẹ̀rọ, kí ó má rẹ́rìn-ín.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni kì í so tọkọtaya pọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n mú ìwé àyẹ̀wò genotype wá. Àwọn òbí tí kò rí hóró ẹ̀jẹ̀ rí láyé wọn ń tú ìfẹ́sọ́nà ọmọ wọn ká nítorí lẹ́tà méjì tí a kọ sí orí ìwé. Bí a bá fi òṣùwọ̀n àwọn oníṣègùn Hallen àti Ṣódípọ̀ wọ̀n wọ́n, ìgbàgbọ́ ni ti àwọn náà: ẹni tí ó jókòó ti ẹ̀rọ ni ó rí i, àwọn gbọ́ ni. Àṣìṣe sì ń wáyé. Ẹni tí a kọ AA fún ní yàrá àyẹ̀wò kan lè gba AS ní òmíràn, àwọn mìíràn kì í sì í mọ̀ títí ọmọ yóò fi dé. Ìdí nìyí tí àwọn agbaninímọ̀ràn lórí àrùn yìí fi ń ní kí àwọn àfẹ́sọ́nà má ṣe dúró lórí ìwé ẹyọ kan, kí wọ́n lọ ṣe é ní ibòmíràn, níbi tí wọn kò ti mọ èsì àkọ́kọ́. Oníbèéèrè tí ó bá fura sí babaláwo kan náà máa ń dìde lọ bá òmíràn, yóò sì tún sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí orí owó, wúyẹ́wúyẹ́.